Baobab Láìsí Gìtá Attisso

Ọdún mẹ́wàá ni a fi retí àwo tuntun láti ọ̀dọ̀ Orchestra Baobab, ẹgbẹ́ olórin Dakar tí a fẹ́ràn jù nínú ilé wa. Made in Dakar jáde ní 2007; lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí Tribute to Ndiouga Dieng wá jáde ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2017, gìtá ni a kọ́kọ́ tẹ́tí sí. Gìtá wà níbẹ̀ o, àmọ́ kì í ṣe èyí tí a mọ̀.

Ẹni tó bá mọ Baobab á mọ ìdí tí èyí fi ká wa lára. Barthélémy Attisso, ọmọ Tógò, ẹ̀kọ́ òfin ló bá dé Dakar. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ gìtá, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1970. Nígbà tí mbalax, orin tí Youssou N'Dour sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, gba ìgboro mọ́ wọn lọ́wọ́, tí wọ́n sì túká láàárín àwọn ọdún 1980, Lomé ni Attisso padà sí, ó lọ ń ṣe lọ́yà. Ó bá wọn padà nígbà tí wọ́n tún kóra jọ ní 2001. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí níbẹ̀. René Sowatche, ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, ló mú gìtá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohun tí kò sí níbẹ̀ nìkan ni etí wa ń wá. Gìtá Attisso a máa rìn gbẹ̀rẹ̀ bí àgbà tó ń ti ibi ìnáwó bọ̀. Ta ni yóò rìn bẹ́ẹ̀ mọ́?

Kora ló kọ́kọ́ fà wá padà. Okùn 21 ló ní, lórí igbá ńlá tí wọ́n fi awọ bò. Abdouleye Cissoko ló ń ta á. A kò mọ Baobab mọ́ kora. Ìlù Kúbà àti fèrè sasofóònù Issa Cissoko la mọ̀ wọ́n mọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, a ti ń dúró de ibi tí okùn wọ̀nyẹn yóò ti wọlé.

Lẹ́yìn náà ni a wá ráyè gbọ́ àwọn akọrin. Thione Seck, tó ti bá wọn kọrin ní àwọn ọdún 1970, padà wá kọ “Sey”, orúkọ tí Wolof ń pe ìgbéyàwó. (Wolof kì í ṣe èdè olóhùn bíi tiwa. Akọrin lè gbé ọ̀rọ̀ sókè sódò bó ṣe wù ú, kí ìtumọ̀ má yí padà. Etí Yorùbá á ṣì máa wá dò-re-mi tí kò sí níbẹ̀.) “Magnokouto” tí Cheikh Lô bá wọn kọ náà dára púpọ̀.

Ndiouga Dieng tí wọ́n fi àwo yìí ṣèrántí, akọrin wọn ni, oṣù kọkànlá ọdún 2016 ló kú. Ní 2017, Alpha, ọmọ rẹ̀, ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Balla Sidibé àti Rudy Gomis tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀. Látìgbà tí a ti mọ èyí ni a kò ti lè gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ohùn àlejò mọ́.

Lójú tiwa, Specialist in All Styles ti 2002 ṣì ju èyí lọ. Àmọ́ èyí ni àwọn ọmọ ń ní ká tún fi sí i, nítorí kora.