Òòfà Ilẹ̀ àti Ẹrù Orí: Kílò Mélòó Ni Ọrùn Ọmọ Lè Gbé?

Ní àfẹ̀mọ́jú, ẹni tí ó bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Odomẹta yóò rí àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé tí wọ́n ń ti ibi ẹ̀rọ omi bọ̀, bidon tàbí garawa lórí wọn, ọrùn wọn nà ṣánṣán, tí wọ́n sì ń kí ara wọn láìyí orí padà. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn ní òkè Kétu, láti ọjọ́ pípẹ́ sì ni omi ti jẹ́ ohun tí à ń rìn lọ wá, tí à ń fi orí rù wálé. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa agbára tí àwọn ìwé fisíìkì wa ń pè ní pesanteur, a kò ní láti lọ jìnnà. Orí àwọn ìyá wa ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Òòfà ilẹ̀ ni agbára tí ayé fi ń fa ohun gbogbo sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe ìṣirò: wọ́n ní ẹni tí ó bá tutọ́ sókè, ojú ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Ohun tí Isaac Newton fi kún un, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1687, ni pé agbára tí ń mú mángòrò já bọ́ náà ni ó so òṣùpá mọ́ ayé tí kò fi sá lọ.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa da ohun méjì pọ̀ níbí yìí. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan níbikíbi tí a bá gbé e dé. Masse rẹ̀ nìyẹn. Ìwúwo rẹ̀, èyí tí à ń pè ní poids, ni bí ayé ṣe ń fà á tó, nǹkan bíi newton 9,8 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Lórí òṣùpá, níbi tí òòfà kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà tiwa lọ, bidon lítà 20 yóò wúwo bí ẹni pé lítà mẹ́ta àti díẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò rán ọmọ lọ pọn omi níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò náà dùn láti ṣe.

Kí a tó gbé ẹrù rárá, ara wa fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ẹrù. Láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn wa ni àwọn ìrọ̀rí kéékèèké wà tí omi wà nínú wọn. Bí a bá wà lórí ìdúró láti àárọ̀, ìwúwo ara a máa fún omi díẹ̀ jáde nínú wọn. Bí a bá dùbúlẹ̀ lóru, wọn a tún fà á mu. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan ga ní òwúrọ̀ ju ní alẹ́ lọ. Ẹ fi èédú sàmì sí ara ògiri nílé, ẹ ó rí i. Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú ń wúwo. Ọmọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà tí ó sì fò dìde lójijì lè rí i kí òòyì kọ́ ọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀ sí ẹsẹ̀ kí ọkàn tó rí àyè tì í gòkè dé orí.

Ṣé ọ̀tá wa ni òòfà ilẹ̀, nígbà náà? Rárá o. Ọmọ Faransé kan, Thomas Pesquet, ti gbé inú ibùdó ojú òfuurufú ISS lẹ́ẹ̀mejì, láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 sí oṣù kẹfà ọdún 2017, àti láti oṣù kẹrin sí oṣù kọkànlá ọdún 2021. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rí i bí ó ti ń léfòó rò pé òòfà ilẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó dé ibẹ̀; ní nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ṣì wà. Ọkọ̀ náà àti ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n jùmọ̀ ń já bọ́ yí ayé po, tí ẹsẹ̀ kò fi rí ilẹ̀ tẹ̀. Ara ń san gbèsè ìsinmi yìí: eegun tí ń gbé ara ró a máa pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, iṣan ẹsẹ̀ a sì máa joro. Ohun tí ó mú kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá bíi wákàtí méjì lójoojúmọ́ nìyẹn. Eegun ń fẹ́ ẹrù kí ó tó le. Ìyá àgbà tí ó ti ń gún iyán, tí ó sì ti ń ru igi láti ìgbà èwe rẹ̀, kì í ṣe ìyà nìkan ni ó jẹ níbẹ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ orí ni a fi ń rù ú? Ohun tí a fi ọwọ́ kan gbé ń fa ara sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn a sì máa jà láti fà á padà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà láàárín orí, ìwúwo rẹ̀ ń gba ọrùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ tààrà dé àtẹ́lẹsẹ̀. Òṣùká ń tẹ́ ìdí ẹrù, ó sì ń pín ìwúwo náà ká kí ó má baà gún ojú kan. Àwa ará Kétu, tí ìtàn sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, a ti mọ èyí tipẹ́: ẹni tí ó gbé ère igi lórí tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn mọ ibi tí ìwúwo ara rẹ̀ dúró sí ju ọ̀pọ̀ olùkọ́ fisíìkì lọ.

Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan gbé ìwádìí jáde nínú ìwé ìròyìn Nature nípa àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Wọ́n wọn èémí àwọn obìnrin náà bí wọ́n ti ń rìn pẹ̀lú ẹrù, ohun tí wọ́n rí sì yà wọ́n lẹ́nu: títí dé ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara, ẹrù náà kò ná wọn ní àfikún agbára kankan. Ní ọdún 1995, Norman Heglund àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Bí a ti ń rìn, ara wa ń gòkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Agbára tí a fi gòkè, òòfà ilẹ̀ ń dá apá kan rẹ̀ padà bí a ti ń sọ̀kalẹ̀, ìyókù a sì ṣòfò. Àwọn obìnrin wọ̀nyí, nígbà tí ẹrù bá wà lórí wọn, ń gba èyí tí ó pọ̀ jù padà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ìtàn náà mọ, tí wọn á fi máa yin obìnrin Áfíríkà pé ẹrù kì í wúwo lórí rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n wí. Fún obìnrin tí ó wọn kílò 60, kílò 12 ni ìyẹn. Bidon lítà 20 tàbí 25 ti kọjá rẹ̀ jìnnà. Ọmọbìnrin tí ó wọn kílò 30 ńkọ́? Tirẹ̀ jẹ́ kílò mẹ́fà: kò tó lítà omi mẹ́fà, nígbà tí a bá ka ike mọ́ ọn. Bí a bá gbé lítà 20 lé e lórí, ìdá méjì nínú mẹ́ta ara rẹ̀ ni a gbé lé e. Kí bàbá tí ó wọn kílò 75 ru kílò 50 lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó lọ sí oko, kí ó wá sọ bí ọrùn rẹ̀ ti rí fún wa. Àgbà sì ni àwọn obìnrin Kẹ́ńyà náà, wọn kì í ṣe ọmọdé. Ní Gúúsù Áfíríkà, Ray Lloyd àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé èsì jáde ní ọdún 2010: àǹfààní náà hàn lára àwọn kan, kò hàn lára àwọn mìíràn, àwọn obìnrin náà sì ń sọ nípa ìrora ọrùn.

Èmi kò ní kí ọmọ má pọn omi. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n ní ibùdó ìlera tàbí lọ́dọ̀ àwọn tí ń ra àgbàdo, ẹ pín kílò rẹ̀ sí márùn-ún, kí ẹ sì fi iye náà bu omi fún un. Mo mọ ohun tí àwọn ìyá yóò sọ: ìrìn yóò pọ̀ sí i, ọmọ yóò sì pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ń gbé àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ wo bọ́ọ̀lù lè gbé bidon méjì pẹ̀lú.

Ẹ wo château d'eau, ilé omi gíga nì. Ẹ̀rọ a fa omi gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà òòfà ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò tì í gba inú páìpù dé ẹnu ẹ̀rọ, láìgba owó oṣù. Lítà kọ̀ọ̀kan tí páìpù bá fi mítà 100 gbé súnmọ́ ilé jẹ́ kílò kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fi orí rù ní mítà 100 náà. Nígbà tí wọ́n bá tún pe ìpàdé lórí ibi tí a ó gbé ẹnu ẹ̀rọ tuntun sí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin tí ń pọn omi jókòó níbẹ̀, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ ṣáájú wa.