Àìsàn MS: Ohun tí àwòrán ọpọlọ ń fi hàn nípa oògùn àǹtíbọ́dì

Bí ojú ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Kinkinau, nílùú Kàdúná, bá ṣàdédé ṣú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kú tipiri, ẹbí á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ẹni tí yóò dárúkọ multiple sclerosis, ìyẹn MS, kò ní pọ̀.

Kí ni MS?

Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló dojú ìjà kọ ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Wọ́n á bó ọ̀rá tó bo iṣan ibẹ̀, bíi wáyà iná tí rọ́bà rẹ̀ ti ṣí. Iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán sí ẹsẹ̀ tàbí ojú kò ní í débẹ̀ dáadáa mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, tó ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, kọ ọ́ sílẹ̀ pé MS ṣọ̀wọ́n láàárín àwa ọmọ Nàìjíríà. Lóòótọ́, ilẹ̀ olótùútù ló ti wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ MRI, tó ń ya àwòrán inú ara, kò tíì sí nígbà tó kọ ọ́. Ọdún 1981 ni àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn Hammersmith, ní London, fi irú rẹ̀ rí àpá MS tí ẹ̀rọ CT kò rí.

Báwo ni àwòrán ṣe ń dán oògùn wò?

Wọ́n á fa èròjà kan tó ń jẹ́ gadolinium sí iṣan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á sì fi MRI ya ọpọlọ rẹ̀. Níbi tí ìjà bá ti ń lọ lọ́wọ́, èròjà náà á jò wọ inú ọpọlọ, ojú ibẹ̀ á sì funfun nínú àwòrán. Nínú ìwádìí HERMES tó jáde lọ́dún 2008, rituximab, oògùn àǹtíbọ́dì tó ń pa sẹ́ẹ̀lì B, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun ara, dín àmì funfun yìí kù ní ìdá 91 nínú 100.

Àmọ́ àwòrán tó mọ́ kò sọ pé ewu tán. Natalizumab, àǹtíbọ́dì mìíràn, náà dín àmì wọ̀nyí kù gan-an, síbẹ̀ wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ lọ́dún 2005 nítorí àrùn ọpọlọ kan tó ń pani. Ó padà lọ́dún 2006, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń lò ó, MRI sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣọ́ wọn.

Ọpọlọ ta ni wọ́n yà?

Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí ìwádìí CHIMES, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2020, fi gba aláwọ̀ dúdú àtàwọn tó ní ìran Latin nìkan, tó fún wọn ní àǹtíbọ́dì ocrelizumab, tó sì ń ya ọpọlọ wọn. Ó dé Kenya pẹ̀lú.

Lọ́dún 2023, Àjọ Elétò Ìlera Àgbáyé fi rituximab fún MS kún àwọn oògùn kòṣeémánìí. Ìjọba tó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ ṣírò owó MRI mọ́ ọn: láìsí i, ó ṣòro fún dókítà láti mọ ẹni tó yẹ kó fún, àti bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́.