Nípa Kíkun Ọgbà Onípákó ní Ọ̀dà, àti Iye Tí Ó Ń Ná Onílé

Ní Ọ̀tan Ayégbajú, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Bólúwàdúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òjò a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, a sì máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá, àfi ìsinmi díẹ̀ tí ó ń ṣe ní oṣù kẹjọ. Òjò àgbègbè náà ní ọdún kan ju 1,200 mílímítà lọ. Òjò yìí ni ó ń mú kòkó, iṣu àti àgbàdo dàgbà. Òun kan náà ni ó sì ń ba igi ọgbà jẹ́. Ẹni tí ó fi pákó ṣe ọgbà yí ẹ̀fọ́ rẹ̀ ká, tí ó sì kùn ún ní ọ̀dà dáradára, a máa rò pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọdún kẹta tàbí ìkẹrin, òpó kan a dá ní ìdí, ewúrẹ́ a wọlé, ẹ̀fọ́ a sì tán ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nítorí náà ó tọ́ kí onílé mọ ohun tí ọ̀dà lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, kí ó tó ná owó rẹ̀.

Ohun Tí Ń Ba Igi Jẹ́

Omi nìkan kọ́ ni ó ń mú igi jẹrà. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké kan, tí wọ́n jẹ́ ìbátan olú, ni wọ́n ń ta gbòǹgbò fínnífínní sínú igi, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Wọn kì í lè gbilẹ̀ nínú igi gbígbẹ: bí omi inú igi kò bá tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n igi náà nígbà tí ó gbẹ, iṣẹ́ wọn dúró. Nítorí èyí, ibi tí omi ń dúró sí ni igi ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́: ìdí òpó níbi tí ó ti wọ ilẹ̀, ibi tí pákó méjì ti pàdé, ojú ìṣó, àti orí òpó tí a kò gé ní dídagun. Ikán pẹ̀lú a máa gba inú ilẹ̀ wá sí ìdí òpó. Oòrùn ní tirẹ̀ a máa sọ ojú pákó di aláwọ̀ eérú, a sì máa là á, omi a sì rí ọ̀nà wọlé.

Oríṣi Ọ̀dà Méjì

Èkínní ni ọ̀dà tí ń bo ojú igi bí awọ. Ó dára lójú, ó sì ń dí oòrùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n igi a máa wú ní ìgbà òjò, a sì máa súnkì ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, awọ náà a sì sán. Àwọn àgbà ní, bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Omi tí ó bá ojú sísán wọlé kì í tètè rí ọ̀nà jáde, àti abẹ́ ọ̀dà tí ń dán ni igi yóò ti máa jẹrà.

Èkejì ni ọ̀dà olómi tí ń wọ inú igi, irú èyí tí ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà mọ̀ sí Solignum. Kò ní awọ, nítorí náà kì í ṣí. Ṣùgbọ́n òjò àti oòrùn a máa tètè mú agbára rẹ̀ kúrò, a sì gbọ́dọ̀ tún un kùn.

Ìmọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ìwé Jẹ́nẹ́sísì sọ fún wa pé a pàṣẹ fún Nóà kí ó fi ọ̀dà kun ọkọ̀ rẹ̀ nínú àti lóde. Ní 1838, John Bethell ní Ìlú Ọba gba ìwé àṣẹ fún ọ̀nà tí a fi ń lo agbára ẹ̀rọ láti ti epo ọ̀dà èédú wọ inú igi jinjin. Ohun tí a fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í jìn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bá ojú igi ni ó ń mọ.

Ìṣirò Owó

Kí a mú ọgbà kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 100, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4. Ojú rẹ̀ méjèèjì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 800, láìka òpó àti etí pákó.

Lára pákó tí a kò fá, gálọ́ọ̀nù kan ọ̀dà tí ń wọ inú igi lè kun nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 200. Ìkùn méjì yóò gba gálọ́ọ̀nù 8. Bí a bá tún un kùn lẹ́ẹ̀kan ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, gálọ́ọ̀nù 4 ni ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún 10 bá pé, gálọ́ọ̀nù 20 ti lọ.

Lára pákó tí a fá, gálọ́ọ̀nù kan ọ̀dà tí ń bo ojú igi lè kun nǹkan bí 300. Ìkùn mẹ́ta, tí èkínní jẹ́ ti ìpìlẹ̀, yóò gba gálọ́ọ̀nù 8. Bí a bá tún un kùn lẹ́ẹ̀mejì ní ọdún karùn-ún, yóò gba bí 6 sí i, gbogbo rẹ̀ a jẹ́ 14. Èyí dà bí ẹni pé ó dínwó. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò, owó ọ̀yà ìha sì lè ju owó ọ̀dà lọ. Kí onílé bèèrè iye gálọ́ọ̀nù kan ní ọjà, kí ó sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó fi ọ̀yà òṣìṣẹ́ kún un, kí ó sì fi àròpọ̀ náà wé iye ohun tí ọgbà náà ń ṣọ́.

Ibi Tí Ó Yẹ Kí Owó Kọ́kọ́ Lọ

Ìdí òpó ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Àárín igi ìrókò tàbí apá a máa pẹ́ nínú ilẹ̀. Arère àti àràbà kì í pẹ́. Ara funfun tí ó wà lẹ́bàá èèpo kì í pẹ́, ìbáà ṣe igi wo. Kí a da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ihò, kí omi lè ṣàn lọ. Kí a gé orí òpó ní dídagun. Kí ìsàlẹ̀ pákó má ṣe kan ilẹ̀. Kí a sì fi ọ̀dà olómi rin gbogbo ojú tí ayùn gé, nítorí ibẹ̀ ni igi ti ń mu omi jù lọ. Sísun ìdí òpó nínú iná kò tó láti gbà á lọ́wọ́ ikán.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a kun igi, lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, kí ó tó di pé oòrùn mú gan-an. Kí a ta omi díẹ̀ sí ojú pákó: bí igi bá fà á mu kíákíá, ó ti tó kùn, bí omi bá jókòó lórí rẹ̀, kí a dúró.

Ìṣọ́ra fún Ara

Ọ̀dà àtijọ́ mìíràn ní òjé nínú, òjé a sì máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Kí a fi omi rin ín kí a tó ha á, kí a bo imú, kí a má sì ṣe sun ún. Igi tí a ti fi oògùn sí kì í ṣe igi ìdáná, nítorí èéfín rẹ̀ lè ní májèlé. Àwọn kan a máa fi epo mọ́tò tí a ti lò kun òpó. Òjò a máa fọ̀ ọ́ sínú ilẹ̀ àti sínú kànga.

Ọgbà Tí Kì Í Béèrè Ọ̀dà

Fún oko àti ẹ̀yìnkùlé, àwọn baba wa ti mọ ọgbà kan tí òjò kì í bà jẹ́, bí kò ṣe pé ó ń bọ́ ọ. Pèrègún, akòko àti lápálápá, bí a bá gé ẹ̀ka wọn gún ilẹ̀ ní àkọ́rọ̀ òjò, wọn a ta gbòǹgbò. Ewúrẹ́ kì í jẹ lápálápá. Ṣùgbọ́n májèlé ni èso rẹ̀, nítorí náà kí a má gbìn ín sí ibi tí àwọn ọmọdé ń ṣeré. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ a máa gba àkókò kí ó tó dí, a sì gbọ́dọ̀ máa rẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àdá àti ìyè ọwọ́ ni ó ń ná.

Kí ẹni tí ó fẹ́ ẹwà ní iwájú ilé fi pákó àti ọ̀dà síbẹ̀, kí ó sì fi owó àtúnkùn pamọ́ láti ọjọ́ kìíní. Olúwa wa sọ nípa ẹni tí ń fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an, bóyá ó ní tó láti parí rẹ̀. Ní ilẹ̀ òjò, ẹni tí ó fi pákó ṣe ọgbà yóò tún ìṣirò náà ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta.