Gásíkẹ́ẹ̀tì Kábúrétọ̀: Èwo Ló Bá Ọkọ̀ Yín Mu?

Nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, a ṣì rí àwọn tó ń wa ọkọ̀ àtijọ́: Volkswagen tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìjàpá, Igala, àti Peugeot 504. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn kan náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Àwọn àgbà tó gba owó Udoji nígbà náà mọ ohun tí à ń wí. Ẹni tó tọ́jú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní kò fẹ́ kó kú sí òun lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí owó ẹ̀yáwó fi máa ń bá ọ̀ràn ọkọ̀ lọ. Kí ẹ tó yá owó ẹgbẹ́ láti ra kábúrétọ̀ tuntun tàbí láti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun pẹlẹbẹ kan tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì: gásíkẹ́ẹ̀tì.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ ni láti po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́ ní ìwọ̀n tó tọ́. Bí a bá gbé méjèèjì lé ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ yóò tó nǹkan bí ìlọ́po 15 epo. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló ń fa àdàlù yìí wọlé láti inú mánífóòlù. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín kábúrétọ̀ àti mánífóòlù bá ti ya, tàbí tí kò bá ibẹ̀ mu, ẹ́ńjìnnì yóò máa fa afẹ́fẹ́ mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, èyí tí kábúrétọ̀ kò wọ̀n. Epo yóò wá kéré jù. Ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú nígbà tó bá dúró, á máa kú ní oríta, á sì máa dún pa-pa láti ẹnu kábúrétọ̀. Nígbà mìíràn ẹ ó gbọ́ ìró fíì bí ìgbà tí táyà ń jò.

Ohun tí mẹkáníìkì tó ń kánjú máa ń ṣe ni pé kó fi súkúrúù fi epo kún un. Ọkọ̀ á dákẹ́ díẹ̀, olówó á sanwó, àrùn náà sì wà níbẹ̀. Ti Ìjàpá ló burú jù, nítorí kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Àdàlù tí epo rẹ̀ kéré máa ń mú kí ooru pọ̀, ooru yẹn ló sì ń jó fáàfù.

Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tó tọ́? Ẹ má ṣe fi ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ yìí wá, ta ni kò tíì pààrọ̀ kábúrétọ̀ rí? Nọ́ńbà tó wà lára kábúrétọ̀ gan-an ni kí ẹ wò. Lórí Solex ti Ìjàpá, ẹ ó rí 28 PICT, 30 PICT, 31 PICT tàbí 34 PICT. Nọ́ńbà tó ṣáájú yìí ń sọ bí ọ̀fun kábúrétọ̀ náà ti fẹ̀ tó ní mìlímítà. Ẹ̀yà 28 ni a sábà ń bá lórí ẹ́ńjìnnì 1200, ẹ̀yà 30 lórí 1300 àti 1500, ẹ̀yà 34 sì ń bẹ lórí 1600 láti ọdún 1971. Ní ti Peugeot 504, òmíràn ní ọ̀fun kan, òmíràn ní méjì, nítorí náà pé ẹ sọ fún ọlọ́jà pé “ti 504 ni” kò tó.

Bí ihò gásíkẹ́ẹ̀tì bá kéré ju ọ̀fun lọ, etí rẹ̀ yóò yọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ó lè há ewé irin tó ń ṣí tó sì ń padé nígbà tí a bá ń tẹ tọ́rọ́tù. Ẹ wo ohun tí ìyẹn lè dá sílẹ̀ bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò tí ọkọ̀ sì ń sáré síwájú. Bí ihò bá tóbi jù, ibi tí yóò dì mú á tín-ín-rín, afẹ́fẹ́ á tún ráyè wọlé. Ẹ mú ògbólógbòó lọ sí ọjà, ìbáà jẹ́ Ládiípọ̀ tàbí ibòmíràn, kí ẹ tẹ́ tuntun lé e lórí, kí ẹ sì gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀.

Ti abẹ́ ìdérí kábúrétọ̀ tún gba ojú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ẹyọ kan bá dí, ọkọ̀ lè má dúró jẹ́ẹ́ láé. Bí ó bá sì ń jò, epo ni yóò máa kán sórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, bẹ́ẹ̀ dísíríbútọ̀ tó ń tanná kò jìnnà síbẹ̀ lára Ìjàpá. Iná ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Wọ́ṣà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ fáàfù abẹ́rẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀: èyí tó bá nípọn jù yóò mú kí epo inú abọ́ kábúrétọ̀ lọ sílẹ̀, èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù yóò mú un ga.

A kò fara mọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi páálí bisikíìtì gé. Epo á rọ̀ ọ́, á sì fọ́ sínú jẹ́ẹ̀tì. Síléńtì, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún bí ọṣẹ ìfọyín, kò yẹ níbẹ̀ náà. Epo máa ń bà á jẹ́, ègé rẹ̀ á sì dí ọ̀nà. Ẹ béèrè fún bébà gásíkẹ́ẹ̀tì gidi tó lè dúró nínú epo, kí ó sì nípọn tó ti àtijọ́. Níbi tí wọ́n bá ti fi ìpele nípọn sí láti má jẹ́ kí ooru mánífóòlù dé kábúrétọ̀, bí ó ti wà lára àwọn 504 kan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ sọnù, nítorí epo inú abọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 ni wọ́n rí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ̀ pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Ọtí bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́.

Láti wá ibi tó ń jò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan omi ọṣẹ sí etí gásíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Bí ìró ọkọ̀ bá yí padà, ibẹ̀ ni. Àwọn kan ń fi epo bẹntiróòlù ṣe é. A bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò.

Bí a bá fẹ́ ha ògbólógbòó kúrò, kí a kọ́kọ́ rin ín, torí ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú àwọn kan láyé àtijọ́, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí a gbé rúlà lé ojú irin kí a rí i pé kò wọ́. Kí a wá di nọ́ọ̀tì méjèèjì díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún kan, òsì kan, láìfi agbára jù ú, torí ìdí kábúrétọ̀ máa ń tẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tó sì tutù, kí a tún padà fi sípánà kàn án wò.