Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ wo ẹranko ní Maasai Mara

Bí a bá dárúkọ igbó nílẹ̀ Yorùbá, ọdẹ, ìbọn àti ẹran ìgbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Àwọn oníjàálá wa ń ki erin, wọ́n ń ki ẹfọ̀n, wọ́n sì ń ki ẹkùn, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti fi ojú ara rẹ̀ rí àwọn ẹranko wọ̀nyí rí? Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nílé àti lókè òkun, fi ń tọ́jú owó láti rìnrìn àjò lọ sí Maasai Mara, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Kenya. Kì í ṣe igbó kìjikìji. Ọ̀dàn ni, pápá tó tẹ́ lọ bí ẹní, tí ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 1,500 níbùú-lóròó. Ojú lásán ni wọ́n sì fi ń ṣọdẹ níbẹ̀, nítorí láti ọdún 1977 ni ìjọba Kenya ti fòfin de ọdẹ ṣíṣe. Safari ni wọ́n ń pe irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè Swahili tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju 'ìrìn àjò' lọ.

Ìrìn àjò náà dùn, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ní ewu tirẹ̀. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe níbẹ̀ lè pàdánù owó ọdún kan, ó sì lè pàdánù ìlera rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àṣìṣe wọ̀nyí, ilé ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀, kí ènìyàn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Ohun tó sì yẹ kí ẹ gbé yẹ̀ wò kí ẹ tó di ẹrù nìwọ̀nyí.

Ìgbà wo ni kí ẹ lọ?

Kí ẹ tó mú oṣù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé kí gan-an ni ẹ fẹ́ lọ wò. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni àwọn wildebeest máa ń ṣí láti Serengeti ní Tanzania wá sí Mara. Ẹranko yìí fara jọ màlúù, ó sì ní irùngbọ̀n bíi ti òbúkọ. Iye wọn ju mílíọ̀nù kan lọ, àwọn sẹ́bírà, tí ara wọn ní ìlà dúdú àti funfun, a sì máa bá wọn rìn. Koríko tútù ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n gbọ́dọ̀ la odò Mara kọjá, inú odò yìí sì ni àwọn ọ̀nì ti ń dúró dè wọ́n. Ìran yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí rẹ̀ ti òkè òkun wá.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tàbí wákàtí tí àwọn ẹranko náà máa sọdá. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un lè jókòó sí etí odò láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì rí ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ odò ló bá gbé yín lọ, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀, ó kéré tán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kìnnìún, erin, ẹfọ̀n, àmọ̀tẹ́kùn àti àgùnfọn kì í torí wildebeest ṣí kúrò ní Mara. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé yípo ọdún. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí ìjọba ìbílẹ̀ Narok gbé kalẹ̀ ní ọdún 2024, àgbàlagbà tó jẹ́ àjèjì máa san dọ́là 100 fún ọjọ́ kan láti oṣù Kínní sí oṣù Kẹfà. Láti oṣù Keje sí oṣù Kejìlá, ó di dọ́là 200. Tọkọtaya tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ máa san dọ́là 1,200 ní oṣù Kẹjọ, ṣùgbọ́n dọ́là 600 ni wọ́n máa san ní oṣù Kejì. Owó ẹnu ọ̀nà nìkan nìyẹn o. A ò tíì kan ibùsùn, oúnjẹ àti mọ́tò.

Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó sì jẹ́ pé kìnnìún àti erin ló fẹ́ rí, oṣù Kínní tàbí oṣù Kejì ló yẹ ẹ́. Òjò kì í pọ̀ nígbà náà, èrò kì í sì í pọ̀. Láti ìparí oṣù Kẹta títí di oṣù Karùn-ún ni òjò ńlá máa ń rọ̀. Ẹrẹ̀ a máa mú mọ́tò, àwọn ibùdó kan a sì ti ilẹ̀kùn pa.

Ìwé, abẹ́rẹ́ àti òògùn

Ní oṣù Kínní ọdún 2024, Kenya fagi lé físà, ó sì fi ìwé àṣẹ tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2025, ó yọ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kúrò nínú àwọn tó gbọ́dọ̀ gba ìwé náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé ìrìnnà tí ẹ bá fi wọlé ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ìlú tí wọ́n bí yín sí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó bá fi ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó rìn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa kà á sí, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ náà. Òfin báyìí a máa yí padà, nítorí náà ẹ lọ wò ó ní ojúlé ìjọba Kenya fúnra rẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọ Kenya gbọ́dọ̀ ní káàdì yẹ́lò, èyí tó fi hàn pé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹ gbà á ní ọjọ́ 10 ó kéré tán kí ẹ tó gbéra, nítorí kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, káàdì náà kò tíì fìdí múlẹ̀. Láti ọdún 2016, ẹni tó bá ti gbà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbà á títí ayé nìyẹn. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó kó bá yín wá káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Láti ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ń lo irú èyí tí wọ́n lè fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò, àrùn náà fúnra rẹ̀ kì í sì í béèrè káàdì kó tó pa ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ ibà tí ẹ̀fọn ń fà kan àwọn ọmọ wa tó ti pẹ́ ní London tàbí Amẹ́ríkà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé nítorí pé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni wọ́n ti dàgbà, ibà kò lè rí wọn gbé ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Agbára tí ara fi ń bá ibà jà a máa dín kù bí ènìyàn bá ti pẹ́ níbi tí kò sí ibà. Ẹ lọ rí dókítà, kó fún yín ní òògùn tí ẹ máa lò ṣáájú ìrìn àjò, lẹ́nu rẹ̀ àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà délé, ẹ tètè sọ fún dókítà pé Áfíríkà ni ẹ ti ń bọ̀.

Ẹ gba ìwé adójútòfò pẹ̀lú. Mara jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n sábà fi ń gbé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá gidigidi lọ sí Nairobi. AMREF, àjọ àwọn dókítà tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú ṣiṣẹ́ láti ọdún 1957, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré fún ẹni tí kò ní adójútòfò.

Ta ni ẹ fẹ́ fi owó yín lé lọ́wọ́?

Ibi tí owó ti máa ń bọ́ sọ́nù jù lọ nìyí. Àwòrán tó dára lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò sọ pé ilé iṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ tí Tourism Regulatory Authority ti Kenya fún wọn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n wà nínú KATO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ní Kenya, kí ẹ sì wádìí rẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Afinimọ̀nà tó mọṣẹ́ máa ń ní ìwé ẹ̀rí KPSGA, tó ní ìpele idẹ, fàdákà àti wúrà. Ẹ má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí àpò ìfowópamọ́ ẹnì kan ṣoṣo tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́rin yìí sílẹ̀. Ṣé owó ẹnu ọ̀nà wà nínú iye tí wọ́n dá? Ṣé àwa nìkan la máa wà nínú mọ́tò ni, àbí a máa bá àwọn mìíràn pín in? Ibo gan-an ni ibùdó wà, ṣé nínú Mara ni, àbí ibi tí a máa wa mọ́tò fún wákàtí kan kí a tó dé ẹnu ọ̀nà? Kí ni wọ́n máa dá padà bí a kò bá lè lọ mọ́? Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹrù

Láti Nairobi, ẹ lè wọ mọ́tò gba Narok kọjá, èyí tó máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ sì lè wọ ọkọ̀ òfuurufú kékeré láti pápákọ̀ Wilson, tí kì í ju bí ìṣẹ́jú 45 lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù kìlógíráàmù 15 ni wọ́n sábà ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, báàgì rírọ̀ ni wọ́n sì fẹ́. Àpótí líle kò wọ ibẹ̀.

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni Kenya ti fòfin de ọ̀rá tí a fi ń di ọjà. Àwa tó jẹ́ pé ọ̀rá la fi ń di bàtà, ọṣẹ àti gaàrí, ẹ tú u kúrò nílé. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020, ike omi tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan sọ nù kò gbọ́dọ̀ wọ ibi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko, nítorí náà ẹ mú kòròbà tí ẹ lè máa bu omi sí dání.

Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ti ewé gbígbẹ ló dára. Dúdú àti búlúù tó kì a máa fa eṣinṣin tsetse, èyí tó lè gbé àrùn oorun kiri. Ẹ má ṣe wọ aṣọ tó jọ ti ṣọ́jà rárá. Ẹ mú ṣúwẹ́tà dání pẹ̀lú, nítorí orí òkè ni Mara wà, òtútù ibẹ̀ ní ìdájí sì ń wọ egungun.

Nínú ọ̀dàn

Àwọn àgbà ní ojú ńlá ni ti àlejò, kì í fi ríran. Bí kìnnìún bá wo mọ́tò yín tó sì gbójú kúrò, kì í ṣe pé ó ti di ẹran ilé. Odindi mọ́tò ni ó ń rí, kò rí ènìyàn inú rẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀, tàbí tó na ara jáde láti ya àwòrán, ti fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí ẹran. Ẹ má ṣe sọ̀kalẹ̀ àfi ibi tí afinimọ̀nà bá sọ. Ẹ má pariwo, ẹ má ju oúnjẹ sí ẹranko, ẹ má sì fi owó tan awakọ̀ kó lè yà kúrò lójú ọ̀nà tàbí kó lé ẹranko.

Ní oṣù Keje ọdún 2025, fídíò kan tàn kálẹ̀ láti Serengeti, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ní etí odò, tí wọ́n sì dí àwọn wildebeest tó fẹ́ sọdá lọ́nà. Ẹranko tí wọ́n bá dí lọ́nà lè bẹ́ sódò níbi tí kò dára, kí ọmọ rẹ̀ sì sọ nù. Bí ẹ bá rí i pé mọ́tò ti pọ̀ jù yí ẹranko kan ká, ẹ sọ fún awakọ̀ yín kó fà sẹ́yìn. Àwọn awakọ̀ a máa gbọ́ ti ẹni tí wọ́n gbé.

Lóru, ẹ má ṣe dá rìn nínú ibùdó. Erinmi máa ń kúrò nínú omi lálẹ́ láti jẹ koríko, ẹni tó bá sì bọ́ sáàárín rẹ̀ àti odò ti wọ ìjàngbọ̀n. Ẹ pe ẹ̀ṣọ́ kó sìn yín. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ sínú àgọ́, kí ẹ sì fa síìpù rẹ̀ pa nígbà gbogbo, nítorí ọ̀bọ ibẹ̀ mọ ohun tó wà nínú báàgì.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí, kó fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ kan lè wà tí kìnnìún kò ní yọjú, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó lè fi í ṣèlérí, nítorí kò sẹ́ni tó so ó mọ́lẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ lọ ire, ẹ bọ̀ ire.