Ṣé o mọ̀? Inú afẹ́fẹ́ ni ewu họ́òsì bíréèkì wà

Họ́òsì bíréèkì jíìpù tí wọ́n gbé ga kì í sábà já lórí títì tó tẹ́jú. Ìgbà tí táyà bá rọ̀ dirodiro lórí kòtò ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù. Lára Jeep Wrangler, orí kan họ́òsì iwájú wà lára férémù, èkejì wà lára kálípà tó ń bá táyà lọ sókè sódò. Bí wọ́n bá fi sípíríǹgì gígùn gbé ọkọ̀ náà ga ní íńṣì 4, táyà á lè sọ̀ kalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n họ́òsì kò gùn sí i. Bó bá nà tán, òun ni yóò máa fa ìwúwo táyà.

Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ fi máa ń fi jáàkì gbé férémù títí táyà á fi rọ̀ tán, tí á sì yí sítíárín dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kó tó wọn họ́òsì tuntun. Èyí tí wọ́n fi wáyà irin hun lára kì í tètè wú bí a bá tẹ bíréèkì, àmọ́ wáyà yẹn kò ní kó gùn.

Bí wọ́n bá ń de họ́òsì mọ́ kálípà, wọ́ọ̀ṣà bàbà méjì ló ń lọ sídìí bóòtù rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn ojú họ́òsì, tuntun sì ni méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́.