Kíndìnrín Ló Ń Yọ Mí Lẹ́nu, Kí Ló Kan Ọkàn?

Bùọ̀dá mi kan ní Manchester níbí ń lọ fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń retí kíndìnrín tuntun. Dókítà ní kí wọ́n wá yẹ ọkàn wọn wò. Ni wọ́n bá pè mí: “Àbúrò, kíndìnrín ló ń yọ mí lẹ́nu, kí ló kan ọkàn?”

Ó kàn án dáadáa o. Tí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, omi àti iyọ̀ á pọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ á máa ru, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì máa le. Ọkàn ló ń fara gbá a. Iṣẹ́ abẹ tún wà níwájú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ECG wo bó ṣe ń lù. Àwọn míì á tún ṣe angiogram láti mọ ibi tó dí.

Tí èmi bá rí àṣìṣe nínú kóòdù, mo máa ń tún un ṣe lójú ẹsẹ̀ ni. Ara èèyàn ò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí ISCHEMIA-CKD tó jáde ní 2020 tẹ̀lé aláìsàn 777 tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́ gan-an, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ọkàn wọn tó. Àwọn tí wọ́n tètè ṣe angiogram fún, kí wọ́n lè la ibi tó dí, ò bọ́ lọ́wọ́ ikú tàbí ìkọlù ọkàn ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn nìkan tọ́jú lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò kó ẹni tí àyà ń dùn burúkú mọ́ ọn.

Ibẹ̀ ni bùọ̀dá mi ti dákẹ́. Wọ́n wá jẹ́wọ́ pé àyà máa ń fún àwọn tí àwọn bá gun àtẹ̀gùn, pé àwọn ò sọ ọ́ kí dókítà má baà yọ orúkọ àwọn kúrò.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́.” Ọjọ́bọ̀ la jọ ń lọ.